Òtútù Tí Kò Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Dì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá Fọ́máànù àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lè rò pé ìjà ni wọ́n ń jà. Kò sí ọjọ́ tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ na ara wọn. Ilé-ẹja kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ilé ńlá onípáànù tí yàrá òtútù wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ń to páálí ẹja dídì sí lórí àwọn pẹpẹ irin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Fọ́máànù ni olórí àwọn tó ń gbẹ́rù níbẹ̀. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ pàápàá ò mọ orúkọ mìíràn tí wọn ì bá máa pè é. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ní orúkọ tirẹ̀ fún un.

"Ọ̀gá Yìnyín, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ara yín ti yọ́ lónìí?"

"Ẹnu ẹ ló yẹ kí n kó sínú yìnyín, kó lè sinmi."

"Tẹ́ ẹ bá kó o síbẹ̀, ta ni yóò máa bá yín sọ̀rọ̀? Àbí ẹja ti ń dá yín lóhùn?"

Àwọn tó kù á bú sẹ́rìn-ín. Fọ́máànù á ṣe bí ẹni tínú ń bí, á yíjú sẹ́yìn kí wọ́n má bàa rí i pé òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní Ẹlẹ́fẹ̀. Ó ga, ó taagun, ara rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ fà á lé ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọkọ ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ní, "Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ sọ ọ́ di olówó. Ẹ ṣáà jẹ́ kó rí iṣẹ́ gidi ṣe." Fọ́máànù ló bá a wáṣẹ́ sí ilé-ẹja. Láàárín ọdún bíi mélòó kan, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti àna, ó di ti ọ̀rẹ́. Fọ́máànù ní àbúrò kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, tí wọn kì í rí ara wọn ju ìgbà tí ẹnìkan bá kú lọ. Ẹlẹ́fẹ̀ ló mọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú àti ohun tó ń bí i nínú. Kò sọ ọ́ jáde rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ta ló ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àbúrò ìyàwó?

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń mú ganrínganrín níta. Nínú yàrá òtútù, èémí ẹni ń rú bí èéfín. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọlé jáde ló wọ kóòtù tó nípọn, àfi Ẹlẹ́fẹ̀. Ó ti ń ru páálí láti àárọ̀, òógùn sì bò ó. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi í kọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó ku ẹ̀wù pélébé kan lọ́rùn rẹ̀. Fọ́máànù rí i, ó ní kó lọ wọ kóòtù. Ẹlẹ́fẹ̀ ní, "Ọ̀gá Yìnyín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lójú kan lòtútù ń mú. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́, ara wa gbóná."

Wọn ò mọ̀ pé ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn pẹpẹ irin náà wọnú. Ẹlẹ́fẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé páálí ìsàlẹ̀, ni pẹpẹ bá ké kíké kan bíi ti ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí rí, ó sì wó. Àwọn páálí tó dì bí òkúta ya lulẹ̀, irin tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí eruku yìnyín rọlẹ̀, orí àti àyà Ẹlẹ́fẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí.

Wọ́n sáré kó páálí kúrò. Fọ́máànù àti ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù, ẹni tí wọ́n ń pè ní Dẹ́rẹ́bà, fi èjìká gbé irin náà sókè títí ó fi kúrò lórí itan rẹ̀. Itan náà ti tẹ̀ níbi tí Ọlọ́run ò fi oríkèé sí. Ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ àwọn páálí. Fọ́máànù já bẹ́líìtì ara rẹ̀, ó fi dì í pinpin lókè ojú ọgbẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ náà dínkù, àmọ́ kò dá. Ẹnìkan ti wà lórí fóònù níta, ó ń pe áńbúláǹsì. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀nà ò dáa.

Dẹ́rẹ́bà ní, "Fọ́máànù, ẹ jẹ́ ká gbé e síta. Ẹ jẹ́ ká gbé e sínú oòrùn."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Ilẹ̀ yìí tutù."

"Mo ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án. Ṣé o ò rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ni? Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kán ńkọ́? Kẹ́ ẹ gbé e, kó di arọ?"

Òótọ́ ni pé wọ́n kọ́ wọn. Iléeṣẹ́ náà ti pe ọkùnrin kan wá rí, tó fi odidi ọ̀sán kan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Nínú gbogbo ohun tó sọ, èyí tó wọ Fọ́máànù létí jù ni pé kí wọ́n má sáré gbé ẹni tó já lulẹ̀ tàbí tí nǹkan wó lù, àfi tí ibi tó wà bá tún léwu fún un. Fọ́máànù wo òkè, kò sí ohun tó tún lè wó. Kò wá sí i lọ́kàn pé inú ewu náà gan-an ni wọ́n dúró sí, tó ń fẹ́ sí wọn lójú.

Dẹ́rẹ́bà dìde. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ pa ẹ̀rọ òtútù yìí, ó kéré tán."

"Pa ẹ̀rọ kẹ̀? Kí gbogbo ẹja yìí bàjẹ́? Ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yìí gan-an ti pọ̀ jù."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láìrò ó. Ẹnu tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ló sọ ọ́: ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ má jẹ́ kí ẹja yọ́. Dẹ́rẹ́bà kò lọ, kò sì jókòó. Ó kàn ń wò ó. Fọ́máànù rí ojú yẹn, ló bá fi kún un pé, "Òtútù náà gan-an ló máa jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yẹn dá. Ṣebí yìnyín là ń gbé lé e tí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà jọ ọ̀rọ̀ gidi, Dẹ́rẹ́bà sì gbà. Ó jáde lọ wo ojú ọ̀nà. Nítorí pé ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ náà túbọ̀ ń fi agbára ṣiṣẹ́, ó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sísàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́.

Fọ́máànù kúnlẹ̀ ti Ẹlẹ́fẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kóòtù Fọ́máànù wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀, ó fa síìpù rẹ̀ dé àgbọ̀n.

"Ọ̀gá Yìnyín, òtútù ń mú mi."

"Fara dà á. Wọ́n ti ń bọ̀."

"Omi wà lábẹ́ mi."

"Mo mọ̀. Fara dà á, jàre."

Ẹlẹ́fẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbọ̀n débi pé eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dáa sì ń ta lu ilẹ̀. Gbígbọ̀n yẹn ń ba Fọ́máànù lẹ́rù ju ẹ̀jẹ̀ lọ, nítorí náà nígbà tó yá tó sì dáwọ́ dúró, ó dúpẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Ó ní ó ti ń mọ́ ọn lára. Ojú Ẹlẹ́fẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo bíi ti ẹni tó mutí yó.

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó mi mọ́ ẹja o."

Fọ́máànù rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú. Àwàdà tí Ẹlẹ́fẹ̀ bá a ṣe kẹ́yìn láyé yìí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kú.

Nígbà tí áńbúláǹsì dé, obìnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé. Kò wo ẹsẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù Ẹlẹ́fẹ̀, ó fi kan ikùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó wo bẹ́líìtì náà, ó ní ó dáa. Lẹ́yìn náà ló mú àlùmọ́gàjí, ó gé ẹ̀wù tó ti rin gbingbin sí wẹ́wẹ́, ó nu ara rẹ̀ gbẹ, ó fi aṣọ ìbora wé e, ó tún fi nǹkan dídán kan bíi bébà fàdákà wé e lé e. Wọ́n fi pátákó gbé e láìyí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ po. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà wọ́n. Fọ́máànù ń wò ó pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ènìyàn, aṣọ lobìnrin yìí ń bò ó. Nínú ọkọ̀, obìnrin náà ní kí awakọ̀ ti gbogbo fèrèsé, kó sì tan ẹ̀rọ ooru. Ooru mú débi pé òógùn ń kán látojú gbogbo wọn.

Fọ́máànù ní, "Àǹtí, ooru yìí ti pọ̀ jù."

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe fẹ́ ẹ."

Fọ́máànù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bá a ní ọsibítù. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, aránṣọ ni, okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe sáré kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sunkún. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi okùn náà wé ìka rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń wé e.

Dókítà oníṣẹ́-abẹ tètè jáde ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Inú Fọ́máànù dùn, ó rò pé iṣẹ́ ti parí. Ó dìde, ìyàwó rẹ̀ náà dìde.

Dókítà ní, "A ò tíì parí. Ńṣe la dá a dúró."

Ìyàwó Fọ́máànù ní, "Ẹ dá a dúró báwo?"

"Ara rẹ̀ tutù jù, màmá. Bí a ṣe ń dí ibì kan, ibòmíì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá kàn lásán, ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì. Tí a bá ní ká máa bá iṣẹ́ lọ, orí tábìlì ló máa kú sí. Nítorí náà, a ki aṣọ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, a mú un lọ sí yàrá tí wọ́n á ti mú ara rẹ̀ gbóná. Tó bá gbóná, a ó padà síbẹ̀."

Fọ́máànù ní, "Dókítà, ẹ má bínú. Ṣebí òtútù ló ń mú nǹkan dì?"

Dókítà wò ó. Ó rí kóòtù tó wà lọ́rùn rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ apá rẹ̀. Kò fi í rẹ́rìn-ín.

"Omi nìyẹn. Ẹja nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í dì bí omi ṣe ń dì. Iṣẹ́ lẹ̀jẹ̀ ń ṣe kó tó dì, bí ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń mọ ògiri. Inú ara tó gbóná ni wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ yẹn. Tí ara bá tutù, wọ́n á káwọ́ gbera. Bó ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀ sí i, ara á máa tutù sí i. Bó ṣe ń tutù sí i, á tún máa ṣẹ̀jẹ̀ sí i. Ìyẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ àwọn tó bá fara pa gan-an, tí àwọn ènìyàn á ní ọgbẹ́ ló pa wọ́n."

"Tí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ńkọ́, tí a fi yìnyín sí i?"

"Ojú kan péré nìyẹn, gbogbo ara sì gbóná. Èyí wọ ara lọ." Ó nu ojú rẹ̀. "Níbo ló dùbúlẹ̀ sí kí wọ́n tó gbé e wá?"

"Nínú yàrá òtútù. Lórí ilẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ká má gbé ẹni tó fara pa."

"Òótọ́ ni wọ́n kọ́ yín. Àwa náà máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe é. Àmọ́ kò ṣeé ṣe kẹ́ ẹ pa ẹ̀rọ ni? Kẹ́ ẹ bò ó?"

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. Òun náà fẹ́ gbọ́.

Fọ́máànù ní, "A ò rántí, Dókítà. Ara wa ò lélẹ̀."

Dókítà mi orí. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í rántí, pé kó má fi ìyẹn da ara rẹ̀ láàmú. Lẹ́yìn náà ló sọ ti ẹsẹ̀. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ náà ti já. Ká ní ara rẹ̀ gbóná ni, ọ̀sán yẹn gan-an ni wọn ì bá ti ran iṣan náà pọ̀. Ní báyìí, wọ́n ní láti dúró, ẹsẹ̀ ò sì lè dúró pẹ́ láìrí ẹ̀jẹ̀. Ó ní wọ́n á gbìyànjú. Bó ṣe sọ ọ́ ti fi hàn pé kò gbà á gbọ́.

Wọ́n jẹ́ kí Fọ́máànù wo Ẹlẹ́fẹ̀ láti ojú gíláàsì. Wọ́n ti fi aṣọ ìbora kan bò ó tó wú bí ìrọ̀rí nítorí ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sínú rẹ̀. Omi tí wọ́n ń fà sí i lára, wọ́n gbé e gba inú ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná. Nọ́ọ̀sì kan jókòó tì í, kò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń wo nọ́ńbà ìgbóná ara rẹ̀ bó ṣe ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Fọ́máànù wo gbogbo ìtọ́jú yẹn, pé nítorí kí ara ènìyàn kan lè gbóná ni. Òun tí oòrùn wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ẹlẹ́fẹ̀ yè.

Ìyá rẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ó wólẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀. Dókítà ti sọ fún un pé bẹ́líìtì tí wọ́n fi dì í ló jẹ́ kó dé ọsibítù láàyè. Òótọ́ ni. Fọ́máànù gbà kí ìyá náà dì mọ́ òun. Kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí.

Nígbà tí Ẹlẹ́fẹ̀ lè sọ̀rọ̀ dáadáa, Fọ́máànù wọlé lọ bá a. Ó ti ro ohun tó máa sọ látìgbà tó ti wà lójú ọ̀nà, èyí tó máa pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ní wọ́n ti yọ́ ẹ. Èmi ló kàn."

Ẹlẹ́fẹ̀ wò ó. Kò bínú, ojú rẹ̀ ò le. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá."

Fọ́máànù ò kọ́kọ́ mọ ohun tó gún òun. Ó jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń hanrun. Ìgbà tó jáde ló yé e pé látìgbà tóun ti mọ ọmọkùnrin yẹn, kò pe òun ní ẹ̀gbọ́n rí. Ó fi sùúrù dúró. Ó ní ìrora ló fà á, ara rẹ̀ á yá, ẹnu rẹ̀ á padà. Ara Ẹlẹ́fẹ̀ yá. Ó kúrò ní ọsibítù, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà, Fọ́máànù á ti máa gbọ́ ẹ̀rín láti òkèèrè. Bó bá ti yọ, ẹ̀rín náà á rọlẹ̀. "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó. Ṣé kí n fún yín lómi?" Ọ̀wọ̀ náà pé pérépéré. Kò sí ibi tí ènìyàn lè dì í mú sí pé ìwà yìí ò dáa.

Ní ilé-ẹja, Fọ́máànù ti yí nǹkan padà. Ó ní kí wọ́n kó aṣọ ìbora sínú àpótí kan lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ó fi ọ̀dà pupa kun ibi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ òtútù. Òṣìṣẹ́ tuntun tó bá wọlé, kó tó fọwọ́ kan páálí kan, òun ló máa kọ́kọ́ mú un débẹ̀: tí ẹnikẹ́ni bá ṣubú, pa ẹ̀rọ, bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, tẹ́ nǹkan sábẹ́ rẹ̀, bò ó. Ọ̀gá tó ni ilé-ẹja náà bi í pé ẹja ńkọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́, sà." Dẹ́rẹ́bà dúró nítòsí, ó gbọ́. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gun orí ọkọ̀ rẹ̀. Fọ́máànù ti fi ìka àbámọ̀ bọnu títí, kò rí ẹni tó lè yọ ọ́ fún un.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ìyá Ẹlẹ́fẹ̀ pe gbogbo ẹbí jọ sílé rẹ̀ láti jẹun ọ̀sán. Yàrá náà kún. Ẹlẹ́fẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó fi àwọn ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ìyá náà dìde, ó nawọ́ sí Fọ́máànù.

"Ẹ bá mi wo ọkọ ọmọ mi yìí dáadáa. Gbogbo ènìyàn ló sá jáde lọ́jọ́ yẹn. Òun kúnlẹ̀ ti ọmọ mi, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀. Ká ní kò sí níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

Àwọn ẹbí ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́máànù tẹ orí ba. Ẹlẹ́fẹ̀ fa àwọn ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn, ó sì jáde. Kò padà wọlé títí wọ́n fi túká.

Ẹsẹ̀ ni Fọ́máànù àti ìyàwó rẹ̀ fi rìn lọ sílé. Oòrùn ti ń rọ̀. Wọ́n kọjá àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tì, wọ́n kọjá àwọn tó ń fọ ọkọ̀ lẹ́bàá títì. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, ẹ má jẹ́ kí Màmá máa yìn yín níwájú àbúrò mi mọ́."

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ." Ó rìn díẹ̀ sí i. "Ó gbọ́ yín lọ́jọ́ yẹn. Ó gbọ́ nígbà tí Dẹ́rẹ́bà ní kóun lọ pa ẹ̀rọ. Ó gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fi dá a lóhùn."

Fọ́máànù dúró. Ìyàwó rẹ̀ náà dúró, àmọ́ kò wò ó.

"Ìgbà wo ló sọ fún ẹ?"

"Ní ọsibítù. Kété tó lajú."

"Látìgbà yẹn. O ò sì bi mí."

"Dókítà bi yín lójú mi, ẹ ní ẹ ò rántí. Nígbà tí àbúrò mi wá sọ ọ́ fún mi, mo ní kí n fún yín láyè. Mo ní ẹ̀rù ló bà yín, ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín tó bá yá. Mo retí títí. Nígbà tó pẹ́, èmi náà ò mọ bí mo ṣe lè dá a sílẹ̀ mọ́."

"Kí ló ní kí n ṣe?"

"Kò ní kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan. Ó ní òun mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ pé òtútù lè ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ló mọ̀? Òun náà ò mọ̀. Ó ní ìyẹn ò dun òun." Ohùn rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. "Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé òun wà nílẹ̀, ẹja lẹ kọ́kọ́ rántí."

Wọ́n délé. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ àwọn ọmọ kalẹ̀, ó ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe. Fọ́máànù jókòó sórí àga, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì kò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹlẹ́fẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ti tú fóònù kan sílẹ̀ lórí tábìlì, àwọn ìdè rẹ̀ kéékèèké wà nínú ìdérí ìgò.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin sọ fún mi lánàá. Pé o gbọ́."

Ẹlẹ́fẹ̀ kò gbé ojú sókè. "Mo gbọ́."

"Mo purọ́ fún dókítà."

"Ìyàwó yín sọ ìyẹn fún mi."

"Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu mi ló yá ju ọkàn mi lọ. Kì í ṣe pé mo..." Ó wo àwọn ọ̀pá tó fara ti tábìlì. "Mo fẹ́ràn ẹ ju gbogbo ẹja tó wà láyé lọ." Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, òun náà gbọ́ bó ṣe dún, ojú sì tì í.

Nígbà kan rí, Ẹlẹ́fẹ̀ kò ní jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi oṣù kan. Ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan fẹ́ jáde níbẹ̀, àmọ́ ó pa á dé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ sọ ọ́ fún mi ní ọsibítù ni, ǹ bá ti bú yín. Ǹ bá ti bú yín dáadáa, ẹ̀yin náà ì bá sunkún, ọ̀rọ̀ náà ì bá tán níbẹ̀. Mo dúró dè yín lórí ibùsùn yẹn. Lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé, màá ní, òní ni. Nígbà tó yá, mo jáwọ́. Ní báyìí tẹ́ ẹ wá sọ ọ́, mi ò mọ ohun tí màá fi ṣe."

"Ó yé mi."

"Mi ò bá yín jà o."

"Mo mọ̀."

Oníbàárà kan wọlé, ó gba fóònù rẹ̀, ó lọ. Fọ́máànù rò pé ó yẹ kóun náà máa lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbé e. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́fẹ̀ tẹ orí ba fóònù tó tú sílẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú rẹ̀ tí kò rí. Ó fa tọ́ọ̀ṣì kékeré kan yọ, ó gbìyànjú láti fi ẹnu dì í mú, ó já bọ́.

"Ẹ bá mi di iná yìí mú," ló wí.

Fọ́máànù sún mọ́ tábìlì, ó gba tọ́ọ̀ṣì náà.

"Ẹ gbé e sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀."

Ó dúró bẹ́ẹ̀. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, kò sì yí i padà.